Masala Chai Nínú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Tíì Onímílíìkì Àwọn Ará Íńdíà

Ẹni tí a kọ èyí fún ni ẹni tó ti mu chai níbì kan, tó délé, tó ju Lipton kan sínú omi gbígbóná, tó bu èròjà lúbúlúbú lé e, tó tọ́ ọ wò, tó sì ń wò ó pé èwo tún ni èyí. Kì í ṣe èròjà ló kù díẹ̀ káàtó. Sísè là ń se chai, a kì í rẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti di èyí mú, ìyókù kò le mọ́.

Kí ni masala chai gan-an?

Tíì dúdú ni, tí a sè pọ̀ mọ́ omi, mílíìkì, ṣúgà àti èròjà olóòórùn nínú ìkòkò kan náà. Masala ni àwọn ará Íńdíà ń pe àdàlù èròjà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ife chai ló ń ru ẹrù èròjà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, atalẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi sí i, adrak chai nìyẹn. Ilé míì, kádámọ́mù (cardamom, èso kékeré olóòórùn) nìkan, wọ́n á pe ìyẹn ní elaichi chai. Èyí tó ní èròjà mẹ́fà méje nínú wà dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni gbogbo ènìyàn ń mu lójoojúmọ́.

Èyí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kọfí ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń tà ní chai latte, omi ṣúgà olóòórùn kínámónì ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n da mílíìkì oníifófòó lé. Ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe òun là ń sọ níbí.

Ẹ sọ bí mo ṣe máa sè é, pẹ̀lú ìwọ̀n.

Ti ife méjì rèé. Omi ife kan, ìyẹn bíi mílílítà 250. Mílíìkì olómi ife kan. Ewé tíì ṣíbí kékeré méjì tó kún dáadáa. Atalẹ̀ tútù tó tó oríkèé àtàǹpàkò kan. Kádámọ́mù aláwọ̀ ewé mẹ́rin. Ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ kó ta ọ̀fun díẹ̀ lè fi kànáfùrù méjì, hóró ata dúdú mẹ́ta àti ègé kínámónì kékeré kan kún un.

Ẹ gbé omi kaná. Ẹ fọ atalẹ̀ dáadáa, kò pọn dandan kí ẹ bó o, kí ẹ wá gún un nínú odó kékeré títí tí yóò fi fọ́, tí omi ara rẹ̀ yóò sì máa sun jáde. Ká kàn fi ọ̀bẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kò tó, nítorí omi ara rẹ̀ yẹn la ń wá. Ẹ fọ́ kádámọ́mù pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ẹ kó gbogbo èròjà sínú omi, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún; kó tó pé bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ á ti gba ilé ìdáná kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ da ewé tíì àti ṣúgà sí i. Ìṣẹ́jú kan sí méjì, omi á dúdú, bí ẹ bá sì tọ́ ọ wò á korò. Kò séwu.

Ẹ wá da mílíìkì sí i, kí ẹ má sì kúrò nídìí ìkòkò. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ṣe bí ẹni pé nǹkan ti bàjẹ́: àwọ̀ rẹ̀ kò ní funfun, kò sì ní pupa. Tó bá yá, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, ojú rẹ̀ á hunjọ, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á ru sókè lójijì. Bó bá ti fẹ́ kan etí ìkòkò, ẹ gbé e kúrò lórí iná. Á lọ sílẹ̀. Ẹ gbé e padà, kó ru lẹ́ẹ̀kejì, kó tún ru lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà yẹn, àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n bí ìkòkò amọ̀ tuntun, á sì ti ki díẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ sínú ife, kí ẹ mu ún ní gbígbóná.

Àwọn kan máa ń fi ṣíbí onígi gígùn bù ú sókè nígbà tó bá ń hó, wọ́n á tún dà á padà láti òkè. Atẹ́gùn á ráyè wọ inú rẹ̀, kò sì ní tètè ru kọjá etí ìkòkò.

Kí ló dé tí mi ò kàn lè da mílíìkì sínú tíì tí mo ti rẹ?

Ohun tó ń mú kí tíì líle fa ahọ́n jọ ni wọ́n ń pè ní tannin. Púrótéènì inú mílíìkì ló máa ń so mọ́ tannin yìí tí agbára rẹ̀ á fi rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lè se tíì dúdú kíkorò tó bẹ́ẹ̀, tí mílíìkì á sì tún un ṣe. Tíì tí a kàn rẹ nínú kọ́ọ̀pù kò lágbára tó láti dúró níwájú ààbọ̀ mílíìkì. Omi mílíìkì tó ní àwọ̀ lẹ ó rí. Ohun kejì ni ọ̀rá. Púpọ̀ nínú òórùn kádámọ́mù, kànáfùrù àti kínámónì, inú òróró ara wọn ló wà, òróró sì máa ń tètè bá ọ̀rá mílíìkì dọ́rẹ̀ẹ́ nígbà tí iná bá wà nídìí rẹ̀.

Irú ewé tíì wo ni kí n rà?

Èyí tó pọ́n, tó le, tó rí kóró-kóró kéékèèké. CTC ni wọ́n máa ń kọ sára páálí rẹ̀, ìyẹn crush, tear, curl: tẹ̀, fà ya, ká jọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ní oko tíì Amgoorie ní Assam, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, William McKercher ṣe ẹ̀rọ kan tó ní rólà eléyín méjì: ewé á gba àárín wọn kọjá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fà á ya, wọ́n á sì ká a jọ. Ewé tí wọ́n ṣe báyìí máa ń pọ́n omi wàràwàrà, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó fún ife púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó bá àpò mẹ̀kúnnù mu. Àwọn páálí tí ẹ máa rí jù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ni Wagh Bakri, Tata Tea, Taj Mahal àti Red Label. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó, nítorí ilé iṣẹ́ kan náà lè máa ta oríṣiríṣi.

Tíì Kẹ́ńyà náà dára gan-an fún iṣẹ́ yìí, CTC ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè lo tíì dúdú tí wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba. Bó bá jẹ́ Lipton inú àpò ló wà nílé, ẹ fi sísọ́ọ̀sì ya àpò náà kí ẹ da ewé inú rẹ̀ sí ìkòkò, mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ife méjì. Kò sí ohun tó ń ṣe é.

Èyí tí mi ò ní gbà yín níyànjú ni tíì Darjeeling, tí wọ́n ń gbìn lórí òkè ní Íńdíà. Ó wọ́n, ó fúyẹ́, òórùn òdòdó rẹ̀ ló sì ń tà á. Ẹ fẹ́ gbé e lé iná pẹ̀lú kànáfùrù àti mílíìkì? Ẹ ti fi owó ṣòfò nìyẹn. Ẹ mu ún lásán, láìsí mílíìkì.

Ṣé láti ayébáyé ni àwọn ará Íńdíà ti ń mu chai báyìí?

Rárá, ó sì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Àgbo èròjà, èyí tí wọ́n ń fi atalẹ̀, ata dúdú àti àwọn nǹkan míì sè fún ikọ́ àti òtútù, ìyẹn ló pẹ́. Kadha ni wọ́n ń pè é, kò sì ní ewé tíì nínú. Àwọn ẹ̀yà Singpho ní Assam ti ń mu ewé tíì tiwọn kí òyìnbó tó débẹ̀. Ọdún 1823 ni Robert Bruce, ará Scotland kan, gbọ́ nípa igi náà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó di 1838, àpótí tíì Assam àkọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1839. Láti ìgbà náà, oko tíì ń fẹ̀ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà jíjìn ló sì fi ìyà ńlá gbé e ró. Òkè òkun ni ẹrù náà ń lọ. Ọ̀pọ̀ ará Íńdíà kò mọ adùn rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni Indian Tea Association, ẹgbẹ́ àwọn olóko tíì, bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Wọ́n ń ṣí ibi ìmutíì sí ilé iṣẹ́ ńláńlá, ibi ìwakùsà àti ibùdókọ̀ ojú irin. Bí wọ́n ti ń mu ún ní Ìlú Ọba ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa mu ún: ewé púpọ̀, mílíìkì díẹ̀. Àwọn tó ń ta á lójú pópó kò dá wọn lóhùn. Ewé tíì ló wọ́n, nítorí náà wọ́n dín ewé kù, wọ́n fi mílíìkì, ṣúgà àti èròjà dí i. Inú ẹgbẹ́ olóko náà kò dùn sí i, torí ewé tí wọ́n ń tà ń dín kù. Lójú tèmi, àwọn olónítíì ojú pópó wọ̀nyẹn ló jàre. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1947, nígbà tí ewé CTC wá pọ̀ lọ́jà, chai di ti gbogbo ènìyàn.

Mílíìkì mi pín nínú ìkòkò: omi lọ́tọ̀, ìdì lọ́tọ̀. Kí ló fà á?

Lọ́pọ̀ ìgbà, atalẹ̀ ni. Atalẹ̀ tútù ní èròjà kan nínú, zingibain ni wọ́n ń pè é, tó máa ń já púrótéènì mílíìkì títí tí á fi dì. Iná ló ń pa á. Ìdí tí a fi kọ́kọ́ ń se atalẹ̀ nínú omi kí mílíìkì tó dé nìyẹn, kì í ṣe nítorí òórùn nìkan. Ẹni tó bá ju atalẹ̀ tútù sínú mílíìkì tó ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kó má bínú sí mílíìkì.

Bí kì í bá ṣe atalẹ̀, ó lè jẹ́ pé mílíìkì náà ti ń kan tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tàbí kó jẹ́ gur, ìyẹn ṣúgà ìrèké dúdú tí wọn kò yọ ìdọ̀tí rẹ̀ tán. Èyí máa ń mú mílíìkì gbígbóná dì. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí ẹ tó rò ó mọ́ ọn.

Mílíìkì alágolo àti oníyẹ̀fun ńkọ́? Ìyẹn ló wà ní tòsí mi.

Ó ń ṣiṣẹ́. Ti alágolo, wọ́n ti yọ bíi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀ kúrò, nítorí náà ẹ fi omi tó tó ìwọ̀n kan náà là á kí ẹ tó kà á sí ife mílíìkì kan. Bí ẹ bá dà á sí i bẹ́ẹ̀, chai náà á ki gan-an, á sì ní adùn jíjinná kan tí àwọn kan fẹ́ràn. Mo wà lára wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ti Íńdíà. Ti oníyẹ̀fun, ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ pò ó títí tí kò fi ní kókó mọ́. Ẹni tó bá bù ú sínú omi tó ń hó yóò máa fi asẹ́ kó kókó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ ka ara àpò rẹ̀ náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òróró igi ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì nínú wọn. Ní Íńdíà, mílíìkì ẹfọ̀n wọ́pọ̀ gan-an, ọ̀rá rẹ̀ sì ju ti màlúù lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí chai wọn máa rọ̀ lẹ́nu. Mílíìkì tí wọ́n ti fa gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀ yọ kò lè fún yín nírú rẹ̀.

Inú mi kì í gba mílíìkì.

Ẹ̀yin nìkan kọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa ló rí bẹ́ẹ̀. Mílíìkì màlúù tí wọ́n ti yọ lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, kúrò nínú rẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù, ó kàn máa ń dùn díẹ̀ sí i, kí ẹ dín ṣúgà kù. Ti òótì dára, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún kọfí. Ẹ fi kún un nígbẹ̀yìn, kó gbóná, kó má hó pẹ́. Ti sóyà máa ń fẹ́ pín nínú tíì líle. Mílíìkì òfíò kò bá a mu, nítorí ó máa ń ki bí ògì nígbà tí iná bá kàn án.

Kádámọ́mù wọ́n. Ṣé mo lè fi ataare rọ́pò rẹ̀?

Ìbéèrè gidi nìyí, nítorí mọ̀lẹ́bí ni wọ́n: kádámọ́mù, ataare àti atalẹ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Bí ẹ bá sì ti fọ́ kádámọ́mù, tí ẹ rí hóró dúdú wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé wọ́n jọra. Àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ataare á jó ọ̀fun yín, òórùn rẹ̀ á sì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Òórùn ni gbogbo ti kádámọ́mù: ó tutù, ó ń lọ sókè sínú imú, kò ta rárá. Bí ẹ bá fi ataare sí i, ohun tó dára lè tibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ipò ata dúdú ló gbà yẹn, kì í ṣe ipò kádámọ́mù. Hóró mẹ́rin márùn-ún péré, kì í ṣe odindi ataare. Iyèré náà lè rọ́pò ata dúdú tààrà, ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì, ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ti tó nítorí òórùn rẹ̀ lágbára.

Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ kúkú ra kádámọ́mù díẹ̀ tó dára. Agbègbè Idukki ní Kerala ni èyí tó lórúkọ jù ní Íńdíà ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Guatemala ló ń kó o jáde fún títà jù lágbàáyé. Ẹ wo èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹ fọ́ ọ̀kan níwájú ọlọ́jà bó bá gbà: hóró inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú, kó sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ tó ń já bọ́ ṣàràṣàrà, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ má ra lílọ̀. Òórùn rẹ̀ ti fò lọ kó tó dé ọwọ́ yín.

Atalẹ̀ tútù ni tàbí gbígbẹ?

Tútù, fún ìkòkò ojoojúmọ́. Gbígbẹ ń jó ju tútù lọ, inú àdàlù lúbúlúbú ni ipò rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo atalẹ̀ gúúsù Kaduna, ẹ rántí pé ó le ju ọ̀pọ̀ atalẹ̀ tí ẹ máa rà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, kí ẹ dín in kù. Àrùn kọlu oko atalẹ̀ níbẹ̀ ní 2023, owó rẹ̀ sì gun òkè nígbà náà.

Mo ní koríko ọba lẹ́yìn ilé. Ṣé ó lè wọ inú chai?

Ó lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn ará Gujarat àti Maharashtra, ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ń fi sí tiwọn. Ìyẹn ni pé ewé tí àwa ń fi omi gbígbóná sè lásán, tí a sì ń pè ní ewé tíì, òun náà ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò chai níbẹ̀. Ẹ gé ewé méjì tàbí mẹ́ta sí wẹ́wẹ́, ẹ kó wọn sí omi pẹ̀lú atalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ kànáfùrù àti kínámónì kúrò lọ́jọ́ náà; wọ́n á bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Atalẹ̀ àti koríko ọba nìkan, èyí ni mo yàn ju gbogbo masala olówó gọbọi lọ.

Mo fẹ́ ṣe masala lúbúlúbú tèmi, kí n máa bù ú díẹ̀díẹ̀.

Hóró inú kádámọ́mù ṣíbí ńlá méjì, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí ńlá méjì, ata dúdú ṣíbí ńlá kan, kínámónì lílọ̀ ṣíbí ńlá kan, kànáfùrù ṣíbí kékeré kan, nutmeg tí a rin díẹ̀. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, ẹ dé e sínú ìgò tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, kó má kọjá oṣù méjì mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré tó fún ife méjì. Ẹ ṣọ́ra fún kànáfùrù: ẹyọ díẹ̀ tó lé, gbogbo ìkòkò á máa run dókítà eléyín.

Lílọ̀ máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ife. Bí ìyẹn bá ń bí yín nínú, ẹ máa lo odindi èròjà.

Ṣé bákan náà ni wọ́n ń ṣe é káàkiri Íńdíà?

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Ní Mumbai, cutting chai ni wọ́n ń tà lójú pópó, ààbọ̀ ife gíláàsì kékeré, tó le, tó dùn, tí ẹ máa mu tán lórí ìdúró. Ní Kolkata, inú ife amọ̀ kékeré tí wọn kò kùn lọ́dà ni wọ́n ń bù ú sí. Bhar ni wọ́n ń pè é, ẹ mu tán, ẹ jù ú, amọ̀ náà á padà di ilẹ̀. Irú ife yìí ni Lalu Prasad Yadav, tó jẹ́ mínísítà ọkọ̀ ojú irin Íńdíà nígbà náà, ní kí wọ́n dá padà sí àwọn ibùdókọ̀ ojú irin ní 2004.

Hyderabad ní Irani chai. Wọ́n á se tíì nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á se mílíìkì lọ́tọ̀ títí yóò fi ki, orí ife ni méjèèjì á ti pàdé, bísíkíìtì Osmania ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Òun nìkan ló ta ko gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa ìkòkò kan ṣoṣo, ó sì dùn. Ní Kashmir, noon chai ni. Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀ dípò ṣúgà, ewé tíì aláwọ̀ ewé ni wọ́n sè pẹ̀lú kẹ́míkà sódà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, mílíìkì á wọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ á wá di píńkì. Èyí kì í ṣe ohun àkọ́sè.

Ní Kerala, olónítíì á gbé ife kan sókè, á mú ìkejì sílẹ̀, á máa da tíì láti ọ̀kan sí èkejì títí yóò fi yọ ìfófòó. Ẹ ti rí irú ẹ̀ nílé. Mai shayi tó jókòó síwájú iná èédú rẹ̀ lálẹ́, tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin díndín, òun náà ń da tíì lókè-lódò bẹ́ẹ̀, àwọn míì nínú wọn sì ń fi kànáfùrù àti atalẹ̀ sí omi wọn. Ẹni tó bá ń wá chai ní Ìbàdàn tí kò fẹ́ dáná, kó béèrè lọ́wọ́ mai shayi àdúgbò rẹ̀ kó tó lọ ná owó ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ṣé dandan ni ṣúgà?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ṣúgà díẹ̀ ló ń jẹ́ kí òórùn èròjà hàn. Láìsí i, tíì nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè fi kádámọ́mù àti kínámónì kún un, kó sì fi ṣúgà sílẹ̀. Oyin, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sọ̀kalẹ̀ ni o.

Ṣé aboyún àti ọmọdé lè mu ún? Mo tún gbọ́ pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Kaféènì wà nínú rẹ̀, bíi mílígírámù 40 sí 50 nínú ife tíì dúdú kan, kí ẹ sì rántí pé a sè é, a ò kàn rẹ ẹ́. Ìmọ̀ràn NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ní Ìlú Ọba, ni pé kí aboyún má kọjá mílígírámù 200 lóòjọ́, kọfí, kóòkì àti ṣokoléètì pẹ̀lú rẹ̀. Ife kan kò ní pa á lára. Fún ọmọdé, mílíìkì gbígbóná tí a fi kádámọ́mù sè tó wọn, kò nílò ewé tíì.

Ti ẹ̀jẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Tannin máa ń dí ara lọ́wọ́ láti fa irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kó fi bíi wákàtí kan sí àárín oúnjẹ àti chai, kó má sì fi chai gbé oògùn irin mì. Àwọn tó ń sọ pé ó ń wo ikọ́, pé ó ń fọ inú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ó ń tu ọ̀fun lára, ìyẹn tó.

Àlejò ogún ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi mẹ́wàá lu èròjà ife méjì. Bí ìkòkò ṣe ń tóbi ni èròjà ń lágbára. Ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje tó. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ ti se apá omi sílẹ̀: omi, èròjà, ewé tíì àti ṣúgà, kó le dáadáa. Ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù, kó wọ fìríìjì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Bí àlejò bá ti jókòó, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú mílíìkì tó tó ìwọ̀n rẹ̀, kó ru lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ máa bù fún wọn. Èyí tí mílíìkì ti wọ̀, ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Fúláàsì lè gbà á fún wákàtí méjì, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ adùn rẹ̀ á yí padà.

Kí ni mo lè fi jẹ ẹ́?

Parle-G ni bísíkíìtì àwọn ọmọ Íńdíà, inú chai ni wọ́n ń rì í bọ̀. Ẹ má fi í pẹ́ níbẹ̀ o, á já sínú ife. Nígbà òjò, pakora gbígbóná ni, àlùbọ́sà tàbí ànàmọ́ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà bọ̀, tí wọ́n dín. Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: àkàrà á ṣe é.

Níbo ni mo ti máa rí àwọn nǹkan yìí ní òkè òkun?

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Southall, Wembley àti Tooting. Ní Houston, òpópónà Hillcroft. Iye tí wọ́n ń ta kádámọ́mù níbẹ̀ máa ń dín sí ti súpámákẹ́ẹ̀tì gan-an, ẹ ra èyí tó wà nínú ọ̀rá, kì í ṣe ti inú ìgò kékeré.

Inú ìkòkò mi ti dúdú, kò lọ mọ́.

Ẹ da omi àti ṣíbí ńlá kẹ́míkà sódà kan sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ni ìkòkò náà, ẹ má lo sódà, ọṣẹ àti omi gbígbóná nìkan ni.